Òfin Mẹ́tàlélọ́gọ́ta Ọ̀gá Àpọ́nlé

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìwé yìí, bí orí bá ń fọ́ yín lọ́wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀ ná, kẹ́ ẹ lọ sinmi. Ariwo pọ̀ nínú ìtàn yìí, ariwo ẹnìkan ṣoṣo sì ni.

Orúkọ tí ìyá ọkùnrin náà sọ ọ́ wà nínú fáìlì ìjọba, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi pè é níbi iṣẹ́. Ọ̀gá Àpọ́nlé ni wọ́n ń pè é lẹ́yìn, nítorí ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju “ẹ káàárọ̀” lọ ni “Àpọ́nlé dà?” Bí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì bá kí i láìkọ́kọ́ gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀, “Àpọ́nlé dà?” Bí ẹ̀rọ agbéniròkè bá pẹ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ wá gbé e, yóò na ìka sí ilẹ̀kùn irin náà: “Ìwọ, àpọ́nlé dà?” Wọ́n ní ó sín lọ́jọ́ kan, kò sẹ́ni tó kí i kú ewu, ló bá kọ ìwé ìkìlọ̀ sí gbogbo òṣìṣẹ́ àjà kẹta.

Àjà kẹta yìí náà ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, nínú iléeṣẹ́ ètò ìlera. Àga rẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kanlẹ̀, wọ́n sì ní láti gbé àpótí kékeré kan sábẹ́ tábìlì fún ẹsẹ̀ náà. Àga àlejò ńkọ́? Wọ́n ti fi ayùn gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú ní ìka mẹ́ta, kí àlejò má baà rò pé ẹgbẹ́ ni wọ́n. Àwòrán mẹ́fà ló wà lára ògiri. Ọ̀gá nìkan ló wà nínú mẹ́rin. Nínú ìkarùn-ún, òun àti Mínísítà ni, àmọ́ Mínísítà kọ ẹ̀yìn. Ìkẹfà jẹ́ àwòrán àga náà fúnra rẹ̀, lọ́jọ́ kan tí ọ̀gá kò wá síṣẹ́.

Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ẹ̀ni-Sà ni akọ̀wé rẹ̀. Ẹ má rò pé ọkùnrin náà gọ̀ o. Ó ní ọmọ mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́, ó sì ti ṣàkíyèsí láti ọjọ́ pípẹ́ pé ọrùn tó bá rọ̀ kì í pàdánù iṣẹ́.

Báwo wá ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe di olórí àwọn tí orí ń fọ́?

Obìnrin aránṣọ kan ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ̀fọ́rí túúlu ti ń bá a fínra láti ìgbà tó ti wà lọ́mọge. Lọ́jọ́ kan, nídìí máṣíìnì, ojú rẹ̀ ṣú lójijì, abẹ́rẹ́ sì gún un wọnú ìka. Nígbà tó délé, ó kọ ìbéèrè kan sórí íńtánẹ́ẹ̀tì pé: “Ṣé èmi nìkan ni ìmọ́lẹ̀ máa ń gbá lójú bí ìgbájú?” Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ẹni mẹ́tàdínlọ́gọ́fà ti dá a lóhùn pé kì í ṣe òun nìkan. Bí ẹgbẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà, wọ́n ti di ọ̀kẹ́ méjì èèyàn: tíṣà, awakọ̀, bíríkìlà, agbẹjọ́rò, ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Inú yàrá tí wọ́n ti fa aṣọ dí ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń kọ̀wé, pẹ̀lú iná fóònù tí wọ́n ti dín kù bí ẹyín iná tó fẹ́ kú. Ohun tí wọn kò lè sọ fún ọkọ, fún ìyàwó, fún ọ̀gá níbi iṣẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Àǹtí Télọ̀ ni gbogbo wọn ń pe obìnrin náà, títí kan àwọn tó dàgbà tó láti bí i lọ́mọ.

Nígbà tí ẹgbẹ́ pọ̀ tó báyìí, iléeṣẹ́ ètò ìlera ní àwọn yóò bá wọn ṣe ojú-ewé tó dára, tó sì ní ààbò. Wọ́n sì ṣe é lóòótọ́. Àmọ́ ohun tí ìjọba bá kọ́, ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀gá. Ọ̀gá tí kò níṣẹ́ kankan lọ́wọ́ lásìkò náà, ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n.

Kò pẹ́ tí àwọn olùwádìí gbọ́ òórùn ẹgbẹ́ náà. Àwọn tó dáa wà nínú wọn, àmọ́ ọ̀kan wọlé bí ẹni tí orí ń fọ́, ó bá wọn sunkún, ó bá wọn rẹ́rìn-ín, nígbà tó sì di oṣù kẹta ó kó ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sínú ìwé tó fi gboyè. Obìnrin kan tó jẹ́ tíṣà ṣàdédé ka ìwé náà. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀: bó ṣe máa ń ti ara rẹ̀ mọ́ balùwẹ̀, tó ń da omi tútù sórí, tó ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ òun má ì tíì sunkún. Wọn kò kọ orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohùn ara rẹ̀? Láti ọjọ́ náà, obìnrin yẹn kò kọ ohunkóhun sínú ẹgbẹ́ mọ́.

Èyí dun Àǹtí Télọ̀ dé egungun. Ó mú ààbọ̀ ìwé kan, ó kọ òfin márùn-ún sí i. Olùwádìí, sọ ẹni tó o jẹ́. Sọ ohun tó ò ń wá àti ohun tó o fẹ́ fi ṣe. Bi ẹnìkọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní rárá, fi í sílẹ̀. Ẹni tó sì gbà lónìí lè ní òun ò ṣe mọ́ lọ́la. Ó ká ìwé náà sínú báàgì, ó gba àjà kẹta lọ.

Ọ̀gá Àpọ́nlé fi ìka méjì gbé ìwé náà bí ẹni gbé aáyán.

“Kí nìyí?”

“Òfin ni, sà. Fún àwọn tó ń wá ọmọ ẹgbẹ́ wa fún ìwádìí.”

“Òfin? Ààbọ̀ ìwé? Ìwé tí wọ́n ń ká sínú páálí oògùn ikọ́ gùn ju èyí lọ!” Ó yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. “Àbí kò gùn jù ú lọ?”

“Ó gùn jù ú lọ fíìfíì, sà,” ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

“Ìyá, ẹ bá mi wá ara mi nínú òfin yìí.”

“Mi ò gbọ́ yín, sà.”

“Mo ní kẹ́ ẹ wá mi. Níbo ni mo wà níbẹ̀?”

Àǹtí Télọ̀ wo ìwé náà, ó tún wò ó. “Ẹ ò sí níbẹ̀, sà. Àwọn tí orí ń fọ́ ni mo ń rò.”

“Ẹ wá rí àléébù ẹ̀ báyìí?” ni Ọ̀gá Àpọ́nlé wí, ó sì fara ti àga pẹ̀lú àánú.

Ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀. Oṣù mẹ́sàn-án ni ìgbìmọ̀ náà fi jókòó. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ sì lọ lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn ni bóyá kí wọ́n kọ “Ọ̀gá” tàbí “Ọ̀gá Àgbà” tàbí “Ọ̀gá Tó Ju Ọ̀gá Lọ”. Ohun tí wọ́n bí ni òfin mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mi ò ní ka gbogbo rẹ̀ fún yín, èmi náà ní ẹbí tó ń retí mi. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ díẹ̀. Olùwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá kí Ọ̀gá lórí ìdúró, kó sì yin iṣẹ́ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú tí kò dín ní mẹ́wàá. Àwòrán Ọ̀gá gbọ́dọ̀ wà lórí gbogbo ìwé ìpè, kò sì gbọdọ̀ kéré sí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Ẹni tó bá fẹ́ kópa nínú ìwádìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo fídíò ọ̀rọ̀ àsọyé Ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìṣẹ́jú méjìdínláàádọ́ta gbáko. Òfin kẹrìnlélógójì ní ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kọ lẹ́tà ìdágbére ní ẹ̀dà mẹ́ta, kí Ọ̀gá fúnra rẹ̀ sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ fèsì. (Èyí dùn mọ́ ọn jù. Ó rò pé ẹkún ni yóò máa kún inú lẹ́tà bẹ́ẹ̀.) Òfin kejìléláàádọ́ta sì ní ẹni tó bá parọ́ sínú fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, ipòkípò tó wù kó wà, yóò pàdánù ipò náà lọ́jọ́ náà gan-an, wọn yóò sì gbé orúkọ rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn.

Òfin kọkànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fà títí. Àǹtí Télọ̀ dìde nínú ìgbìmọ̀.

“Sà, níbí yìí, ẹ ní bẹ́ ẹ bá ti fọwọ́ síwèé, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti yọ̀ǹda ara wọn nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní bi wọ́n?”

“Ìyá, ta ni bàbá nínú ilé?”

“Ilé wo, sà?”

“Ilé tí mò ń sọ yìí! Bí bàbá bá ti sọ̀rọ̀, ọmọ ti sọ̀rọ̀. Bí bàbá bá jẹun yó, ọmọ—”

“Ebi ò ní pa ọmọ ni, sà?”

Ẹnìkan fi ikọ́ bo ẹ̀rín. Ọ̀gá Àpọ́nlé kọ sínú ìwé ìjíròrò pé ìyá aránṣọ náà ti gbà pẹ̀lú ìdùnnú.

Ọjọ́ ìfilọ́lẹ̀ òfin pé. Wọ́n yí ojú-ewé ẹgbẹ́ padà pátápátá. Àwòrán Ọ̀gá ló gba gbogbo iwájú rẹ̀, wọ́n sì fi iná aláwọ̀ wúrà yí i ká, iná tó ń ṣẹ́jú pẹ̀rẹ̀pẹ̀rẹ̀ láìsinmi, pẹ̀lú orin fèrè tó ń bẹ́ gìjà bí èèyàn bá ti ṣí i. Ẹ rántí o, fún àwọn tí ìmọ́lẹ̀ ń gbá lójú ni wọ́n ṣe èyí! Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìkan, àwọn ẹni ọ̀ọ́dúnrún tó ṣí i kí wọ́n lè ka ẹ̀tọ́ wọn ló padà sórí ibùsùn láìka ìlà kejì. Nígbà tí wọ́n kọ̀wé ráhùn, Ọ̀gá rojú.

“Ògo ló ń pa wọ́n lójú,” ló wí.

“Ògo ni, sà,” ni Bẹ́ẹ̀ni-Sà wí.

Lọ́jọ́ yẹn kan náà ló ní kí wọ́n fi òun ṣe ọmọ ẹgbẹ́ kìn-ín-ní. Orí kò fọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Nǹkan tó wà nínú rẹ̀ kò wúwo tó ohun tí ń fọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe jẹ́ olórí ẹgbẹ́ tí kò sí nínú ẹgbẹ́? Bẹ́ẹ̀ni-Sà gbé fọ́ọ̀mù wá.

“Wọ́n ní ọjọ́ mélòó lóṣù ni orí ń fọ́ yín, sà?”

“Ta ló ga jù nínú wọn?”

“Obìnrin kan kọ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, sà.”

“Kí ọmọ ẹgbẹ́ lásán ju ọ̀gá lọ? Àpọ́nlé dà? Kọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Lóṣooṣù.”

“Sà, oṣù kejì ọdún ò ju ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n lọ.”

“Ìṣòro oṣù kejì nìyẹn.”

Bẹ́ẹ̀ni-Sà kọ ọ́. Ọ̀gá fọwọ́ sí i, ìfọwọ́sí rẹ̀ sì gba ìlà mẹ́rin.

Olùwádìí àkọ́kọ́ tó wá lábẹ́ òfin tuntun jẹ́ dókítà obìnrin kan láti yunifásítì, ẹni jẹ́jẹ́. Ó jókòó lórí àga kúkurú, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n.

“Ẹni igba péré ni mò ń wá, sà. Màá kọ̀wé sí wọn, màá ṣàlàyé, ẹni tó bá wù á—”

“Igba? Ẹ wá bá odò, ẹ ń bèèrè ife omi kan? Mo fún yín ní ọ̀kẹ́ méjì! Mo fọwọ́ síwèé báyìí, gbogbo wọn ti gbà.”

“Ṣé wọ́n mọ̀ pé wọ́n ti gbà, sà?”

“Èmi mọ̀.”

Dókítà náà dìde díẹ̀díẹ̀ látorí àga kékeré yẹn. “Ẹ má bínú, sà. Ìyọ̀ǹda tí ẹni tó ni ín kò mọ̀ nípa rẹ̀, mi ò lè gbé e lọ síwájú ìgbìmọ̀ tiwa. Olè ni wọ́n á pè é.” Ó kí wọn, ó lọ. Kò tíì yin ọ̀gá dé ìṣẹ́jú kejì.

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀ ni Bàtà-Ń-Dán wọlé. Ọkùnrin náà pe ara rẹ̀ ní olùwádìí, ṣùgbọ́n iléeṣẹ́ kan tó ń ta òróró ìpara orí ló rán an. Òun mọ òfin ju àwọn tó ṣe é lọ. Kàkà kí ó yin ọ̀gá fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ogójì ìṣẹ́jú ló fi yìn ín. Ó kọ̀ láti jókòó, ó ní ẹsẹ̀ òun kò gbà kí òun jókòó níwájú irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀. Ó wo àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ àwòrán àga, ó mú áńkáṣíìfù jáde, ó nu ojú.

“Sà, nínú èyí pàápàá, mo rí yín.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, Ọ̀gá Àpọ́nlé kò gba rìbá rí. Bí ẹnìkan bá na owó sí i, yóò lé e síta. Àmọ́ kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń lé ìyìn síta. Ó fọwọ́ síwèé lójú ẹsẹ̀. Ọ̀kẹ́ méjì èèyàn, pẹ̀lú orúkọ, nọ́ńbà fóònù àti gbogbo ohun tí wọ́n ti ń sọ nínú òkùnkùn fún ọdún mọ́kànlá, bá ọ̀nà ibẹ̀ lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, fóònù ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbádùn. “Ẹ káàsán mà, a gbọ́ pé orí ń fọ́ yín.” Ìyá kan gba ìpè ẹ̀ẹ̀mẹfà nígbà tó wà níbi ìsìnkú bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ti awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan ló burú jù. Ó ti kọ ọ́ sínú ẹgbẹ́ nígbà kan pé ojú òun máa ń ṣú kí orí tó bẹ̀rẹ̀. Pé bó bá ti ń bọ̀, òun yóò dá ọkọ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, òun yóò sọ fún èrò pé táyà lòun fẹ́ yẹ̀ wò, títí yóò fi kọjá lọ. Ọdún mẹ́rìnlá, kò fi ọkọ̀ kọ lu adìyẹ. Iléeṣẹ́ òróró tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ìpolówó, pẹ̀lú nọ́ńbà bọ́ọ̀sì tó ń wà. Ní ọjọ́ kejì, ọ̀gá rẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Awakọ̀ náà wá bá Àǹtí Télọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò pariwo. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń yí fìlà lọ́wọ́.

“Àǹtí, ẹ̀yin lẹ sọ pé a lè sọ̀rọ̀ níbẹ̀.”

Ó wí bẹ́ẹ̀ tán, ó lọ. Àǹtí Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì. Ó sunkún díẹ̀, ó fi etí ìró nu ojú, ó sì mú fóònù rẹ̀. Ohun tó kọ sí wọn kò gùn: “Ẹ̀yin ará, ọ̀gá wa fẹ́ràn òfin. Ẹ jẹ́ ká pa òfin mọ́. Òfin kẹrìnlélógójì. Ẹ̀dà mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ fọwọ́ kọ ọ́.”

Ní ọjọ́ Ajé, àpò lẹ́tà kan dé. Ọ̀gá Àpọ́nlé rẹ́rìn-ín, ó ní wọ́n ń yin òun. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àpò mọ́kàndínlógún. Nígbà tó fi di Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin tó ń pín lẹ́tà ti gbé ọkọ̀ akẹ́rù wá, ó ń já àpò sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn bí ẹni já yanrìn, ó sì ní kí ọ̀gá fọwọ́ sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà kún ọ́fíìsì, ó kún ọ̀nà àbákọjá, ó dí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n to ọ̀pọ̀ sínú ẹ̀rọ agbéniròkè, ẹ̀rọ náà gbé e dé àjà kejì, ó kú síbẹ̀. Ọ̀kẹ́ mẹ́fà lẹ́tà! Òfin sì wí pé kí Ọ̀gá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fèsì. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó fèsì mọ́kànlá, ọwọ́ rẹ̀ sì wú.

“Ṣé a ò lè pa òfin yẹn rẹ́?” ló bi Bẹ́ẹ̀ni-Sà.

“Òfin kẹtàlélọ́gọ́ta ní a ò gbọdọ̀ pa ìkankan rẹ́ láé, sà. Ẹ̀yin lẹ ní ká fi í kún un.”

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni ó rí pátákó. Ó wà nínú ọkọ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́, nígbà tó rí ojú ara rẹ̀ níwájú oríta iléeṣẹ́ ètò ìlera, ó ga tó ilé alájà méjì, èrò sì pé jọ sábẹ́ rẹ̀.

“Dúró!” ló pàṣẹ fún dẹ́rẹ́bà. Àyà rẹ̀ kún. “Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, orílẹ̀-èdè mọyì mi.”

Ó sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí èrò rí i, ariwo sọ. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń jù ú sí wọn. Wọ́n túbọ̀ hó. Obìnrin kan rẹ́rìn-ín títí ó fi di òpó iná mú. Ìgbà náà ni ọ̀gá tó gbé ojú sókè ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà: “ẸNI TÍ ORÍ RẸ̀ BÀJẸ́ JÙ LỌ LÓRÍLẸ̀-ÈDÈ! Lójoojúmọ́ ló ń fọ́, títí kan àwọn ọjọ́ tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Bí òróró wa bá lè ran orí yìí lọ́wọ́, tìrẹ ńkọ́?”

Òun ni ọmọ ẹgbẹ́ kìn-ín-ní, ìyọ̀ǹda rẹ̀ sì wà nídìí ìwé tó fọwọ́ sí fún Bàtà-Ń-Dán, ìlà mẹ́rin. Àwòrán náà kò sì kéré sí àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Mínísítà ránṣẹ́ pè é. Mínísítà yìí jẹ́ obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í pọ̀. Àǹtí Télọ̀ àti dókítà yunifásítì ti jókòó níbẹ̀, awakọ̀ bọ́ọ̀sì náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Bẹ́ẹ̀ni-Sà sì dúró sẹ́yìn pẹ̀lú fáìlì.

“Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ fọ́ọ̀mù yìí?” ni Mínísítà bi í.

“Ọlọ́lá jù lọ, bí a bá fi ojú inú wo ìrìn àjò gígùn tí ìran ènìyàn ti rìn láti inú òkùnkùn àìmọ̀kan bọ́ sínú—”

“Bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?”

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Ẹ kọ ọ́ pé orí ń fọ́ yín lọ́jọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n lóṣù. Ṣé òótọ́ ni?”

Ọ̀gá Àpọ́nlé rò ó wò. Bó bá ní òótọ́ ni, ta ni yóò fi ẹni tí orí ń fọ́ lójoojúmọ́ sípò? Bó bá sì ní irọ́ ni, òfin kejìléláàádọ́ta ń dúró dè é, ìwé ìròyìn sì ń pọ́n ẹ̀rọ. Ó wẹ̀yìn.

“Akọ̀wé, dá wọn lóhùn.”

Fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ọdún méjìlá, ọrùn Bẹ́ẹ̀ni-Sà le. “Ẹ̀yin ni wọ́n bi, sà,” ló wí. Ẹ̀rù ara rẹ̀ ba òun náà.

“Ó ń fọ́ mi,” ni ọ̀gá wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o,” ni Mínísítà wí, ó sì ti ń kọ̀wé. “Ẹ máa lọ sinmi nílé láti òní lọ. A ò ní pè yín padà.”

Wọ́n ya òfin mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Wọ́n ní kí iléeṣẹ́ òróró pa gbogbo ohun tó kó rẹ́, kó sì wá fojú ba ilé ẹjọ́. Ààbọ̀ ìwé Àǹtí Télọ̀ ni wọ́n tẹ̀ sójú-ewé ẹgbẹ́, láìsí iná, láìsí fèrè. Díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn padà wọlé, kì í ṣe gbogbo wọn. Ní ti awakọ̀, irọ́ ni bí mo bá ní ó padà sídìí ọkọ̀. Wọ́n fi í sídìí tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí dókítà obìnrin náà kọ̀wé sí i pé ṣé ó fẹ́ wà nínú ẹni igba òun, èsì rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ kan: “Rárá.” Dókítà náà dá a lóhùn pé, “Ó dáa, ẹ ṣeun,” kò sì kọ̀wé sí i mọ́.

Ṣùgbọ́n lẹ́tà ńkọ́? Ọ̀gá tuntun kọ̀ wọ́n. Ó ní Ọ̀gá Àpọ́nlé ni wọ́n kọ ọ́ sí, kí wọ́n kó o lọ fún un nílé. Ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta já wọn sí pálọ̀ rẹ̀.

Ọkùnrin tó fẹ̀yìn tì kò níṣẹ́ méjì. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. Èébú ńláńlá ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, ó sì ń kà wọ́n sókè pẹ̀lú ìbínú. Ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú ìwé ní ilé ìkàwé, máa ń kọjá lọ kọjá bọ̀ láìsọ nǹkan kan. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ọkùnrin náà fa lẹ́tà kan yọ, ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì dá a dúró. Ó mọ̀ ọ́n. Òun ló ń rí lára ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ fíríìjì láti ọdún mọ́kànlélógún.

“Sí Ọ̀gá,” ni lẹ́tà náà wí. “Mo fẹ́ kúrò. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti wà níbẹ̀, kí ẹ tó dé. Bí orí bá ń fọ́ mi, yàrá ẹ̀yìn ni mo máa ń lọ dùbúlẹ̀ sí, ọkọ mi a sì máa kọ́ ọ̀rọ̀ àsọyé rẹ̀ lóhùn rara ní pálọ̀. Kò bi mí rí pé kí ló ń ṣe mí. Ẹ̀yin náà kò bi mí kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé lórúkọ mi.”

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, kò kà á sókè. Ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn wà ní títì láti àárọ̀. Ó lọ ṣí i jẹ́jẹ́. Ìyàwó rẹ̀ dùbúlẹ̀ sínú òkùnkùn pẹ̀lú aṣọ tútù lójú. Ọkùnrin náà dúró ṣánṣán, ó tún ọ̀nà ọ̀fun ṣe.

“Ìyá àwọn ọmọ, pẹ̀lú ìrora ọkàn tó jinlẹ̀ jù lọ ni mo fi—”

Obìnrin náà gbé ìka kan sókè. Ọ̀rọ̀ náà kú sí i lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà, ó lóṣòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó sì fi ohùn kan tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí bi í pé, “Ọjọ́ mélòó lóṣù?”

“Mẹ́sàn-án. Nígbà míì, mọ́kànlá.”

“Kí ni kí n ṣe?”

“Ẹ fa kọ́tìnnì yẹn kó dé orígun. Kẹ́ ẹ wá jókòó. Kẹ́ ẹ má sọ nǹkan kan.”

Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin wọn dé láti ibi iṣẹ́. Ó ṣí ilẹ̀kùn, kò gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀. Ó pè é, kò gbọ́ èsì. Láti ìgbà tó ti gbọ́n, ilé yẹn kò dákẹ́ bẹ́ẹ̀ rí. Ó fo òkìtì lẹ́tà kọjá, ó sáré já yàrá ẹ̀yìn, ó sì bá àwọn méjèèjì nínú òkùnkùn, ìyá rẹ̀ ń sùn, ọwọ́ bàbá rẹ̀ sì wà níwájú orí ìyá rẹ̀.

“Dádì! Ta ló kú?”

Bàbá náà fi ìka lé ètè, ó sì fi ọwọ́ kejì júwe ilẹ̀kùn fún un pé kó pa á dé.